Ojú Rédíò Ìbánisọ̀rọ̀: Èwo Ló Kan Etí Yín, Èwo Ló Kan Etí Ẹlòmíràn?

Kì í ṣe ohun tuntun kí ènìyàn gbé rédíò tó yè kooro lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ẹ̀rọ náà á dákẹ́ lójijì, tàbí kó máa hó láìdáwọ́ dúró, tàbí kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ máa yí padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Olówó rẹ̀ á gbà pé ó ti jóná. Alátùn-únṣe á yí nǹkan kan díẹ̀, á tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á parí, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Rédíò tí mò ń sọ ni rédíò ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí a fi ń gbọ́ tí a sì fi ń fèsì. Ó lè jẹ́ wọkí-tọkí tí àwọn ọlọ́dẹ ń mú rìn, ó lè jẹ́ èyí tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí nínú bàálù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ ńlá orí tábìlì tí àwọn kan fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé fún ìgbádùn ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ti àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí náà kò yàtọ̀. Àmọ́ ojú wọn kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ti orí tábìlì lè ní ohun tó lé ní ogún tí a lè tẹ̀ tàbí tí a lè yí, kí a má tíì sọ ti àwọn àmì kéékèèké tó ń tàn tó ń kú.

Èmi kò gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni há gbogbo rẹ̀ sórí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ohunkóhun tí ẹ bá rí níbẹ̀: ṣé etí tèmi ni eléyìí kàn, àbí etí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdààmú ti ń wá nìyẹn. Ènìyàn á máa tún etí ara rẹ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹni kejì ni kò gbọ́ ọ.

## Kí ni à ń pe àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀bù ni a ó máa pe ohun tí à ń yí. Bọ́tìnì ni ohun tí à ń tẹ̀. Síkírìnì ni gíláàsì tí nọ́ńbà àti àmì ń hàn lórí rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní PTT, ó máa ń wà lára màíkì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọkí-tọkí. Òun ni à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń gbé ohùn jáde. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó padà sí gbígbọ́. Púpọ̀ nínú rédíò wọ̀nyí kì í ṣe méjèèjì pọ̀ bíi ti fóònù, nítorí náà ẹni tó bá di PTT mú kò lè gbọ́ èsì kankan, bó ti wù kí ó ké tó.

Fíríkúẹ́ńsì ni iye ìgbà tí ìgbì rédíò ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hz ni wọ́n fi ń kà á, láti ara orúkọ Heinrich Hertz, ará Jámánì tó fi ìdánwò hàn ní ìparí àwọn ọdún 1880 pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún kan Hz ni kHz kan, mílíọ̀nù kan Hz sì ni MHz kan. Ìkànnì kàn jẹ́ nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n fi rọ́pò fíríkúẹ́ńsì kí ó má baà nira láti rántí. Ìkànnì 16 lórí rédíò ọkọ̀ ojú omi, fún àpẹẹrẹ, 156.800 MHz ni. Ẹni méjì tó bá wà lórí fíríkúẹ́ńsì kan náà lè gbọ́ra wọn. Bí wọ́n bá wà lórí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò lè gbọ́ra, àfi bí rédíò méjèèjì bá ti mọ̀ pé ibi kan ni a ti ń sọ, ibòmíràn ni a ti ń gbọ́. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

## Kí ni nọ́ńbà ńlá àárín síkírìnì ń sọ?

Fíríkúẹ́ńsì ló máa ń jẹ́, tàbí ìkànnì. Lórí wọkí-tọkí, ẹ lè rí 145.500. Lórí ẹ̀rọ orí tábìlì, ẹ lè rí 14.250.00, àmì ìdánudúró méjì nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, èyí tí olùkọ́ ìṣirò kankan kò ní gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ohun tó wà ṣáájú àmì àkọ́kọ́ ni MHz. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni kHz. Àwọn tó gbẹ̀yìn jẹ́ ìdá kékeré nínú kHz kan. Nítorí náà, 14.250.00 túmọ̀ sí MHz mẹ́rìnlá àti 250 kHz, kò sí àwámárìídìí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀bù tó tóbi jù ló ń yí nọ́ńbà yìí padà. Bó ṣe ń fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn, bọ́tìnì tàbí mẹ́nù tí wọ́n kọ STEP sí ló ń pinnu rẹ̀. Bí STEP bá wà lórí 25 kHz, rédíò yóò fò láti 145.500 bọ́ sí 145.525 tààrà. Ẹni tó ń wá 145.5125 lè yí nọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní bá a pàdé. Kí ó dín STEP kù sí 12.5 kHz, yóò rí i.

Ohun kejì tó ń da àwọn ènìyàn rú ni bọ́tìnì V/M. Bí rédíò bá wà ní ìhà VFO, ẹ lómìnira láti yí lọ síbikíbi. Bí ó bá wà ní ìhà M tàbí MR, kìkì ohun tí ẹ ti pa mọ́ sínú rẹ̀ ni nọ́ọ̀bù yẹn yóò máa gbé kọjá níwájú yín. Nọ́ọ̀bù kan náà, iṣẹ́ méjì. Bí nọ́ọ̀bù ńlá bá ń ṣe ohun tí kò bá ojú yín mu, ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà kékeré tó wà lórí síkírìnì kí ẹ tó bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Wọkí-tọkí olówó pọ́ọ́kú tún máa ń ní ìlà nọ́ńbà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó ń fetí sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni yóò ti gbé ohùn yín jáde bí ẹ bá tẹ PTT. Èwo ni? Wo ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo fẹ́ràn láti pa ìlà kejì yẹn rẹ́ pátápátá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí ó rọrùn láti gbọ́ ìpè lórí ìlà ìsàlẹ̀ kí ènìyàn sì lọ dáhùn lórí ti òkè, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, nọ́ńbà tó ń yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ rí 145.600, ẹ tẹ PTT, ó di 145.000, ẹ fi PTT sílẹ̀, ó padà. Kò bàjẹ́. Rìpítà ni wọ́n ṣe é fún. Rìpítà ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí òkè tàbí ilé gíga, tó ń gba ohùn lórí fíríkúẹ́ńsì kan, tó sì ń tún un gbé jáde lórí òmíràn kí ó lè dé ibi tó jìnnà. Kò lè fi ibi kan náà gbọ́ kó tún fi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohùn ara rẹ̀ yóò dí i létí. Nítorí náà, rédíò yín ń gbọ́ ọ níbì kan, ó sì ń sọ fún un níbòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ 600 kHz. Àmì + tàbí − kékeré lórí síkírìnì ló ń sọ bóyá ìsọ̀rọ̀ yóò lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí àmì yẹn bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò sì lo rìpítà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an kò ní gbọ́ yín, ẹ̀yin yóò sì máa gbọ́ ọ kedere.

## Èwo ló kan etí tèmi nìkan?

VOL tàbí AF ni ohùn tó ń jáde láti inú sípíkà yín. Kò kan ẹlòmíràn rárá. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ènìyàn ṣì máa ń yí VOL sókè kí ẹni kejì lè gbọ́ wọn dáadáa.

SQL ni ó tọ́ kí a dúró tì. Afẹ́fẹ́ kún fún ariwo tí kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni: mànàmáná, iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀rọ oríṣiríṣi, títí kan ohun tó ń ti ojú sánmà wá. Rédíò tó la etí sílẹ̀ yóò máa hó ṣáá. SQL dà bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lágbára tó ni yóò jẹ́ kó wọlé, àwọn yòókù yóò dúró síta, ilé á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá sọ fún ẹ̀ṣọ́ náà pé kí ó le jù, àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn rin dé, tí ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ilé yín á dákẹ́, ẹ ó sì máa rò pé kò sẹ́ni tó pè yín.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì náà. Ẹ yí SQL sí òsì títí ariwo yóò fi jáde. Ẹ wá máa yí i padà sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ariwo bá ti dákẹ́ gan-an ni kí ẹ dúró, ẹ má ṣe fi nǹkan kan kún un. Lórí àwọn wọkí-tọkí, nọ́ńbà 0 sí 9 nínú mẹ́nù ló rọ́pò nọ́ọ̀bù yìí, bọ́tìnì tí wọ́n kọ MONI sí sì ń ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀bù tó ti fa ìdààmú jù lórí ẹ̀rọ orí tábìlì, lójú tèmi, ni èyí tí wọ́n kọ RF sí. Ó ń pinnu bí etí rédíò ṣe mú tó kí ohùn tó dé ibi tí VOL wà. Nígbà púpọ̀, wọ́n máa ń gbé e gun orí VOL: nọ́ọ̀bù kékeré nínú, òrùka ńlá níta, ìka ènìyàn sì lè kọlu ọ̀kan nígbà tó ń wá èkejì. Bí RF bá wálẹ̀, rédíò á dákẹ́, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, mítà tó ń wọn agbára ìgbì yóò fò sókè, yóò sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Ojú rẹ̀ ń sọ pé ìgbì ńlá ń wọlé, etí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ẹ yí RF dé òpin ọ̀tún, mítà á wálẹ̀, ohùn á padà. Àfi bí ẹ bá mọ ìdí tí ẹ fi dín in kù, ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi í sí.

RIT náà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń pè ní CLAR, etí yín nìkan ló kàn. Ó ń sún ibi tí ẹ ti ń gbọ́ díẹ̀ láìfọwọ́ kan ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ó wúlò bí ẹni kejì bá yẹ̀ díẹ̀ tí ohùn rẹ̀ tinrín jù tàbí tó wúwo jù. Wàhálà rẹ̀ ni ìgbàgbé. Bí RIT bá ṣì wà lórí, tó sì yẹ̀ ní kHz kan, ohùn gbogbo ènìyàn yóò ṣàjèjì sí yín. Ẹ ó wá lọ yí nọ́ọ̀bù ńlá láti tún un ṣe, ohùn wọn yóò gún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti gbé ìsọ̀rọ̀ yín kúrò níbi tó yẹ ní kHz kan. Àwọn ló kàn tí yóò máa ṣàròyé.

## Èwo ló kan etí ẹlòmíràn?

MIC GAIN ń pinnu bí màíkì yín ṣe ń gbé ohùn tó. Ẹ̀yin kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kankan bí ẹ bá yí i, ìdí nìyẹn tó fi léwu láti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ó bá ga jù, ohùn yín á máa ya, á sì máa kọjá sórí fíríkúẹ́ńsì àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wo òdiwọ̀n ALC lórí mítà. Ó ní àyè tí wọ́n fi ìlà tàbí àwọ̀ sàmì sí. Bí abẹ́rẹ́ bá ń jáde kúrò nínú àyè náà, ẹ dín MIC GAIN kù tàbí kí ẹ gbé màíkì kúrò lẹ́nu díẹ̀.

H/L, tàbí PWR, ni agbára tí ẹ fi ń gbé ohùn jáde, wáàtì ni wọ́n fi ń kà á: H ni agbára ńlá, L ni kékeré. MODE sì kan etí méjèèjì. FM, AM, USB àti LSB jẹ́ ọ̀nà oríṣiríṣi tí a ń gbà di ohùn mọ́ ara ìgbì, ẹni tó dì í àti ẹni tó ń tú u gbọ́dọ̀ lo ọ̀kan náà. Lórí wọkí-tọkí, FM ló wọ́pọ̀. Láàárín àwọn tó ń lo ẹ̀rọ orí tábìlì fún ìgbádùn, àṣà wọn ni kí wọ́n máa lo LSB nísàlẹ̀ 10 MHz, kí wọ́n sì lo USB lókè rẹ̀, àyàfi níbi mélòó kan. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ènìyàn tó ń lọ geere àmọ́ tí kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé mú nínú rẹ̀, MODE ni kí ẹ kọ́kọ́ yí.

## Ṣé ìkànnì 608 wà lóòótọ́?

Àwọn tó ń ta wọkí-tọkí fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá. Rédíò PMR446 tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yúróòpù ní ìkànnì 16. Paálí rẹ̀ sì lè máa pariwo pé ìkànnì 608 ló wà nínú rẹ̀. Níbo ni ìyókù ti wá? Wọ́n ti fi 38 sọ 16 di púpọ̀.

Nọ́ńbà 38 yẹn ni iye ohùn kúńkún tí rédíò lè fi kún ọ̀rọ̀ yín, èyí tí síkírìnì ń fi T, CT tàbí TONE hàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 67.0 Hz, wọ́n sì lọ dé 250.3 Hz. Rédíò tó gbà á máa ń sẹ́ ẹ kúrò kí ohùn tó dé sípíkà, nítorí náà etí kì í sábà gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé bí ẹ bá yan ohùn kan, rédíò yín kò ní lanu fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fi ohùn kan náà kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ padà sí ìbéèrè wa: etí ta ni ó kàn? Tiyín ni ó dí. Kò dí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá pa ohùn yìí lórí rédíò tirẹ̀ yóò gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láìfi ọ̀kan pe méjì. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ sára ẹ̀rọ bíi pé ó ń pa àṣírí mọ́, èyí tí mo kà sí ẹ̀tàn gidi, nítorí ènìyàn lè gbójú lé e kí ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ níta gbangba. Ẹgbẹ́ méjì tó wà lórí ìkànnì kan náà pẹ̀lú ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò sì máa sọ̀rọ̀ lu ara wọn, tí kò ní yé ẹnikẹ́ni nínú wọn ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń já.

Ibi tí èyí ti ń dààmú ènìyàn ni pé ẹ lè gbọ́ rìpítà dáadáa, kí ó má sì dá yín lóhùn láéláé. Rìpítà náà ń retí ohùn kúńkún kan, bíi 88.5 Hz, rédíò yín kò sì fi í ránṣẹ́.

## Mítà yẹn, kí ló ń wọ̀n?

Ó da lórí bóyá ẹ tẹ PTT. Bí ẹ bá ń gbọ́, S ló ń fi hàn, ìyẹn bí ìgbì tó ń wọlé ṣe lágbára tó: láti 1 dé 9, lẹ́yìn náà +20, +40, +60. Ní ọdún 1981, ẹ̀ka Ẹkùn 1 nínú IARU, àjọ àgbáyé àwọn tó ń lo rédíò fún ìgbádùn, dá a lábàá pé nísàlẹ̀ 30 MHz, S9 yóò dúró fún ìdá 50 nínú mílíọ̀nù fólítì kan ní ẹnu ibi tí áńtẹ́nà ti wọlé. Ohun tó kéré jọjọ nìyẹn. Wọ́n tún sọ pé láti S kan sí èkejì, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo mítà ló ń pa òfin yìí mọ́. Ti wọkí-tọkí míràn kàn ń kún fọ́fọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣófo bí ó bá dákẹ́. Ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ìlọ́po mẹ́rin yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra rédíò alágbára ronú lé. Ẹni tó ń fi 100 wáàtì sọ̀rọ̀, tó wá dín in kù sí 25, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló ti lọ. Lójú mítà ẹni tó ń gbọ́ ọ, kí ló ṣẹlẹ̀? Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ ní S kan péré, bíi láti 9 sí 8. Etí lè má tilẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí L fi tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, bátìrì á sì pẹ́. Lórí wọkí-tọkí, ẹni tó bá gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sókè sábà máa ń jèrè ju ẹni tó ń wá wáàtì kún wáàtì lọ.

Bí ẹ bá tẹ PTT, mítà kan náà á yí iṣẹ́ padà. PO ni agbára tó ń jáde. SWR ń sọ iye tó ń lọ síta láti ara áńtẹ́nà àti iye tó ń padà wá sínú ẹ̀rọ. Ní 1, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ní 2, bíi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà. Ní 3, ó di ìdá 25. Kò sí ẹ̀rọ tó fẹ́ kí agbára tirẹ̀ padà wá bá òun, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní sì máa ń dín agbára kù fúnra wọn bí SWR bá ga jù. Bí SWR bá ṣàdédé fò sókè, ẹ má yí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ. Ẹ jáde lọ wo áńtẹ́nà àti wáyà rẹ̀.

Ti iná kò gùn. Iná aláwọ̀ ewé: ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, tàbí ìlẹ̀kùn SQL ti ṣí. Iná pupa: ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gbé ohùn jáde. Bí iná pupa bá tàn tí ẹ kò tẹ PTT, ẹ dìde kíá, nítorí ẹnikẹ́ni lórí ìkànnì yẹn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, gbogbo wọn sì ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nínú yàrá yín. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan tẹ màíkì mọ́lẹ̀, tàbí pé VOX wà lórí, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ohùn ẹnu lásán tan ìsọ̀rọ̀.

## Kí nìdí tí ti ọkọ̀ ojú omi àti ti bàálù fi yàtọ̀?

Nítorí pé níbẹ̀, ẹni tó ń lò ó lè máa gbọ̀n. Rédíò VHF ọkọ̀ ojú omi ní bọ́tìnì kan tó ń gbé e lọ sí ìkànnì 16 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbikíbi tó bá wà tẹ́lẹ̀, nítorí ìkànnì 16 ni ti ìpè pàjáwìrì. Ó ní òmíràn tó ń yí agbára láti 25 wáàtì sí 1 wáàtì. Ó tún ní bọ́tìnì pupa tó wà lábẹ́ ìdérí, DISTRESS. Ẹ gbé ìdérí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí ẹ̀rọ yóò fi fún yín lámì. Òun fúnra rẹ̀ yóò fi ìpè ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70, níbi tí ènìyàn kì í ti sọ̀rọ̀ rárá, ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, oní-dígíìtì mẹ́sàn-án, yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó wà bí wọ́n bá so ẹ̀rọ náà mọ́ GPS. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ẹnu sọ ọ́ lórí 16. Ètò àgbáyé tó gbé èyí kalẹ̀, GMDSS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1999. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì pupa yẹn, ẹ má kàn pa rédíò kí ẹ sì yọ́ lọ. Ẹ kéde lórí ìkànnì 16 pé àṣìṣe ni, nítorí àwọn kan ti lè máa múra àtiwá yín.

Ti bàálù ní fíríkúẹ́ńsì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti òsì ni wọ́n ń lò. Ti ọ̀tún ń dúró de àyè. Nọ́ọ̀bù kò kan ti òsì, ti ọ̀tún nìkan ló ń yí. Bí awakọ̀ bá tò ó tán, á tẹ bọ́tìnì ọfà, méjèèjì á pààrọ̀ àyè. Mo rò pé kò sí ọgbọ́n tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ojú ẹ̀rọ tí mo mọ̀: ohunkóhun tí ẹ bá ṣì ń tò kò lè gba ohun tí ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́ kúrò létí yín, bí ẹ bá sì ṣì í, tẹ ọfà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti kúrò.

Ohun kan tún wà nínú bàálù tí kò kan etí ẹnikẹ́ni: transponder. Rádà ilẹ̀ ló ń dá lóhùn. Dígíìtì mẹ́rin ló ń hàn lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 7, kò sí 8 àti 9, gbogbo àpapọ̀ tó ṣeé ṣe sì jẹ́ 4,096. Mẹ́ta nínú wọn ni awakọ̀ bàálù kì í gbàgbé: 7500 bí wọ́n bá já bàálù gbà, 7600 bí rédíò bá kú, 7700 fún pàjáwìrì yòókù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má ṣe gba orí wọn kọjá nígbà tó bá ń yí nọ́ńbà kan sí òmíràn.

## Rédíò dákẹ́: níbo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Bí síkírìnì bá ṣókùnkùn àmọ́ tí ohùn ń jáde, DIM, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ síkírìnì, ló ṣeé ṣe kó wálẹ̀ jù. Bí bọ́tìnì kò bá gbọ́ràn, ẹ wá àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré lórí síkírìnì: wọ́n ti tì í pa. Lórí ọ̀pọ̀ wọkí-tọkí, bọ́tìnì # tàbí F tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ló ń ṣí i.

Bí ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́, etí yín ni kí ẹ tọ́jú: VOL, kí ẹ ṣí SQL, kí ẹ gbé RF lọ sí òpin, kí ẹ pa ohùn kúńkún tí ẹ yàn fún ìgbọ́, kí ẹ wo RIT, kí ẹ wo MODE. Bí ẹ bá ń gbọ́ àmọ́ tí wọn kò gbọ́ yín, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ẹ tẹ PTT, ẹ wo iná pupa. Ṣé ó tàn? Ṣé nọ́ńbà yí padà láìyẹ? Ṣé ọfà wà lórí ìlà tó yẹ? Ṣé PO dìde? Lórí LSB àti USB, PO kì í dìde àfi bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ sọ nǹkan kan sínú màíkì kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Bí ó bá dìde, kí ni SWR ń wí? Ṣé ohùn kúńkún tí rìpítà ń retí ń lọ?

Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, RESET ṣì wà. Àwọn kan ń ṣe é nípa dídi bọ́tìnì kan mú nígbà tí wọ́n bá ń tan rédíò, àwọn mìíràn sì fi sínú mẹ́nù. Oríṣi méjì ló sábà máa ń ní: ọ̀kan ń dá ètò padà sípò nìkan, èkejì ń nu gbogbo ohun tí ẹ ti pa mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ gbogbo fíríkúẹ́ńsì yín sínú ìwé, pẹ̀lú àmì + tàbí − àti ohùn kúńkún ọ̀kọ̀ọ̀kan.